Ẹsẹ̀ Mọ́tò Ni Wọ́n Fi Mọ̀ Mí

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ìwé mẹ́wàá, tí ẹ jókòó sẹ́nu ọ̀nà tí ẹ ń ro iṣẹ́ tí ẹ máa kọ́, ẹ sún mọ́bí. Èmi Síkírátù, ọmọ Ọ̀yọ́, tí wọ́n ń pè ní Ìyá Ṣáàfùtì ní Ògbómọ̀ṣọ́, mo fẹ́ sọ ohun tí mo fi ọwọ́ mi ṣe láyé fún yín. N ò ní tàn yín jẹ. Iṣẹ́ mi dọ̀tí, ó ń dunni lẹ́yìn, ó sì ń sọ èékánná di dúdú. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ní kí n tún ayé wá, abẹ́ mọ́tò náà ni n ó tún forí lé. Ẹni tí kò bá fẹ́ gbọ́, kó máa lọ. Ọ̀nà ò dí.

Iṣẹ́ ẹsẹ̀ mọ́tò ni mo ṣe. Ẹ má rò pé táyà ni mò ń sọ o. Fọkanáísà ló ń lẹ táyà, rìwáyà ló ń wo iná, mẹkáníìkì tí gbogbo ayé mọ̀ ló ń tú ẹ́ńjìnnì. Tèmi ni ohun tó wà láàárín táyà sí ara mọ́tò: sípíríǹgì tó gbé mọ́tò dúró, ṣọ́ọ̀kì tí kì í jẹ́ kó máa fò bí ọ̀pọ̀lọ́, àti ọ̀gá gbogbo wọn, ṣáàfùtì, irin gbọọrọ tó ń gba agbára lọ́wọ́ ẹ́ńjìnnì tó ń gbé e fún táyà kó lè yí. Bí ẹ́ńjìnnì bá kú, mọ́tò á kàn dúró ni. Bí ẹsẹ̀ bá yẹ̀ lórí eré, ẹ ó mọ̀ pé Ọlọ́run wà.

Bí mo ṣe débẹ̀ ò gùn rárá. Bàbá mi ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéwú l'Ọ́yọ̀ọ́, ìyá mi ń ta aṣọ, ó sì máa ń ná ọjà Ògbómọ̀ṣọ́. Lọ́jọ́ kan tí mo tẹ̀ lé e, mọ́tò wa kọṣẹ́ lójú ọ̀nà. Wọ́n lọ pe ọ̀gá kan wá, Ọ̀gá Jóòbù, bàbá tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí kì í rẹ́rìn-ín. Gbogbo èrò bọ́ sábẹ́ igi, èmi nìkan ni mo lóṣòó tì í. Bó ṣe ń tú nọ́ọ̀tì ló ń nà án síta láìwẹ̀yìn, èmi náà tẹ́ ìborùn mi sílẹ̀, mo ń tò ó sórí ẹ̀ bó ṣe ń jáde. Nígbà tó fẹ́ dì í padà, ó nawọ́, ó ní, "Èyí tó gùn." Mo gbé e fún un. "Ìkejì ẹ̀." Mo gbé e fún un. Ló bá yọrí jáde lábẹ́ mọ́tò.

"Ta ló bí eléyìí?"

Ìyá mi sáré wá, ó rò pé mo ti ba nǹkan jẹ́. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má bínú. Ọmọ yìí ò mọ bí wọ́n ṣe ń jókòó jẹ́ẹ́ ni."

"Inú ò bí mi. Ẹ mú un wá kó wá kọ́ṣẹ́."

Nígbà tí ọ̀rọ̀ dé Ọ̀yọ́, ó di ariwo. Bàbá mi ní, "Astagfirulai! Ọmọbìnrin wo ló ń dùbúlẹ̀ sábẹ́ mọ́tò nígboro?" Ìyá mi ní, "Èyí tó bá wọ ṣòkòtò ni, Àlùfáà." Wọ́n fà á títí. Nígbẹ̀yìn, bàbá mi gbà, ṣùgbọ́n ó ní bí n ò bá kọ́ ọ dójú àmì kí n gba fírídọ̀ọ̀mù, òun ló máa yan iṣẹ́ tó kù fún mi, n ò sì gbọdọ̀ janpata. Mo ní mo gbà. Inú mi dùn débi pé n ò lè jẹun.

Bí mo ṣe dé ọ̀dọ̀ Ọ̀gá Jóòbù ni ojú mi là. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, bí ọ̀gá yín bá sọ̀rọ̀ sí yín díẹ̀, ẹ ti pe ìyá yín lórí fóònù. Ẹ ò bá tiwa! Bàbá yẹn ò jẹ́ kí n fọwọ́ kan sípánà fún ìgbà pípẹ́. Kẹrosíìnì ni mo fi ń fọ irin láàárọ̀ títí dalẹ́. Bí mo bá fọ̀ ọ́ tán, á fi àkísà dì mí lójú, á gbé irin sí mi lọ́wọ́. "Kí nìyí?" Bí mo bá ní búùṣì òkè, òrùka kékeré inú irin ẹsẹ̀, tó sì jẹ́ búùṣì ìsàlẹ̀, ó di kí n tún gbogbo ẹ̀ fọ̀. Mo bi í lọ́jọ́ kan pé, "Ọ̀gá, ṣé afọ́jú ni wọ́n ń kọ́ níbí ni?" Àwọn ọmọ iṣẹ́ yòókù fẹ́ kú fún ẹ̀rín. Ọ̀gá ò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Abẹ́ mọ́tò ò níná. Ọwọ́ ẹ lojú ẹ." Òótọ́ ni bàbá sọ. Títí dòní, mo lè fi ọwọ́ kan ṣáàfùtì kí n mọ ibi tó ti ń jẹra ẹ̀.

Ó ní òfin kan tó ju gbogbo òfin lọ. Ẹni tó bá dì í ló máa gùn ún. Bí o bá to ẹsẹ̀ mọ́tò tán, o ò ní kó kọ́kọ́rọ́ fún onímọ́tò kí o máa wo ẹ̀yìn ẹ̀. Ìwọ lo máa jókòó síwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀, ẹ ó sì jọ dé ibi tí ọ̀nà ti burú jù, ẹ ó jọ padà. "Tí nọ́ọ̀tì tí o dì bá tú," Ọ̀gá Jóòbù á ní, "kó tú lójú ẹ." Ẹ wò ó, kò sí ohun tó ń kọ́ni ní ìtẹ́tísílẹ̀ tó èyí! Ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n ní kí n gùn ún, mo ka gbogbo kéwú tí bàbá mi kọ́ mi tán kí a tó yí padà. Nígbà tí a dé, Ọ̀gá bi mí, "Kí lo gbọ́?" Mo ní n ò gbọ́ nǹkan kan. Ó ní, "Ọpẹ́ ni. Ohun tó dáa kì í pariwo."

Òfin kejì, ó máa ń fi ọ̀dà funfun fa ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ láti orí nọ́ọ̀tì dé ara irin tó wà nídìí ẹ̀. Bí nọ́ọ̀tì bá yí, ìlà á já sí méjì, a ó mọ̀ pé ó ti ń tú, tàbí pé ẹlòmíì ti ṣí i. Ọ̀dà tán nílé lọ́jọ́ kan, mo yọ kútẹ́ẹ̀sì pupa nínú báàgì mi, mo fà á. Àwọn ọkùnrin inú ṣọ́ọ̀bù ń ṣe yẹ̀yẹ́: "Síkírátù ń kun èékánná mọ́tò!" Ọ̀gá fi ìka ha á, kò lọ. Ó fi kẹrosíìnì nù ún, kò lọ. Ó ní, "Kí lẹ ń rín? Ó dáa ju tèmi lọ." Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń fi kútẹ́ẹ̀sì pupa ṣe àmì iṣẹ́ mi.

Àìmọye ìgbà ni mo sunkún. Mo to ẹsẹ̀ ọkọ̀ akẹ́rù kan lọ́jọ́ kan, ó ní kí n tú u. Mo tún un tò, ó ní kí n tú u. Nígbà tó di ẹlẹ́ẹ̀kẹta, omi dà lójú mi. Bàbá yẹn jókòó tì mí, ó ń jẹ gúgúrú. "Síkírátù, ẹkún kì í di nọ́ọ̀tì." Mo bú u nínú mi lọ́jọ́ náà, kí Ọlọ́run forí jìn mí. Ẹni tó bá máa jẹ oyin inú àpáta, kì í wo ẹnu àáké. Mo gba fírídọ̀ọ̀mù. Bàbá mi wá láti Ọ̀yọ́, ó jókòó nígbà tí wọ́n ń gbàdúrà fún mi. Nígbà tí wọ́n jẹun tán, ó pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo rò pé ó fẹ́ bá mi wí. Ó ní, "Mọ́tò tó gbé wa wá ń dún kókó lápá òsì. Bá wọn wò ó kí a tó padà." Mo mọ̀ pé mo ti ṣẹ́gun.

N ò ní fi ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó àti bí mo ṣe rí ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù dà yín láàmú. Mo fẹ́ ọkọ rere, mo bímọ, mo kó sí ẹ̀bá ọ̀nà nítòsí Ọjà Igbó. Àwọn onímọ́tò á dé, wọ́n á wò mí látòkè délẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀gá yín ńkọ́?"

"Èmi ni ọ̀gá."

"Rárá, ọkọ yín ni mò ń bèèrè."

"Ọkọ mi wà níléèwé, tíṣà ni. Tí ẹ bá fẹ́ kọ́ ìṣirò, ẹ lọ bá a. Tó bá jẹ́ mọ́tò ni, ẹ gbé kọ́kọ́rọ́ yín wá."

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń bá wọn fà á, títí tó fi di pé àwọn fúnra wọn ló ń júwe mi fún ara wọn. Irinṣẹ́ sì ń yí padà lójú mi. Ìtì igi àti òkúta la fi ń gbé mọ́tò nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́. Lẹ́yìn náà jáàkì dé, lẹ́yìn náà a gbẹ́ kòtò tí a ń dúró sí. Mọ́tò àtijọ́, ẹ̀yìn ló fi ń ti ara ẹ̀ lọ. Ti ìsinsìnyí, iwájú ló fi ń fà, ṣáàfùtì méjì kéékèèké ló wà níwájú ẹ̀, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi tó kọ̀ láti kọ́ tuntun, ọwọ́ wọn ti kúrò ńbẹ̀ tipẹ́. Èmi ò ní ìtìjú. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n ni mo máa ń lóṣòó tì.

Báyìí ni èmi àti ọkùnrin kan tí a ń pè ní Dókítà ṣe di ọ̀rẹ́. Olùkọ́ ni ní yunifásítì, apá Under G ló ń gbé. Ó gbé mọ́tò ẹ̀ wá lọ́jọ́ kan, mo sì rí mọ́tò kékeré kan lórí àga ẹ̀yìn, kò ju ìgbọ̀nwọ́ kan lọ.

"Ti ọmọ yín nìyí, sà?"

Ojú tì í díẹ̀. "Tèmi ni, Ìyá. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Àwa ọ̀rẹ́ máa ń fi rìmóòtù wa irú ẹ̀, a máa ń fi sáré lọ́jọ́ Sátidé. Ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí n simi, bí mo bá ti yí kọ́nà, ṣáàfùtì ẹ̀ á bọ́."

Mo ní, "Kí lẹ pè é? Ṣáàfùtì?" Mo gbà á, mo dojú ẹ̀ délẹ̀. Yéè! Ẹ wo nǹkan! Sípíríǹgì wà ńbẹ̀, ṣọ́ọ̀kì tí òróró wà nínú ẹ̀ wà ńbẹ̀, ṣáàfùtì méjì tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí ẹyọ ọwọ̀ wà ńbẹ̀. Gbogbo ohun tí mo ti ń ṣe láti ìgbà èwe ló wà lórí àtẹ́lẹwọ́ mi! Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi, Dókítà náà ń bá mi rẹ́rìn-ín. Ó ti gbé e ga jù nítorí òkúta iwájú ilé ẹ̀. A jọ rọ̀ ọ́ wálẹ̀, ṣáàfùtì ò bọ́ mọ́. Láti ọjọ́ náà, òun àti àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ ń kó tiwọn wá. Òun ló kọ́ mi pé bí òróró inú ṣọ́ọ̀kì bá ki jù tàbí kó ṣàn jù, mọ́tò ò ní dúró dáadáa ní kọ́nà. N ò mọ ìyẹn tẹ́lẹ̀. Èmi kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń fi etí mọ ibi tó ń dun irin. Ìgbà kan wà tí mo ń retí Sátidé ju ọjọ́ ọdún lọ.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ tí mo torí ẹ̀ pè yín jókòó.

Bàbá Wàhábì jẹ́ awakọ̀ tó ń kó iṣu àti èrò láti Ìkòyí-Ilé wá sí Ògbómọ̀ṣọ́. Ó gbé mọ́tò ẹ̀ wá, mo pààrọ̀ ṣáàfùtì iwájú, mo fa kútẹ́ẹ̀sì mi sí gbogbo nọ́ọ̀tì ẹsẹ̀ ẹ̀ títí dé ti sípíríǹgì, mo sì bá a gùn ún lọ gùn ún bọ̀. Nígbà tí a dé, ó ní kí n fi rọ́bà sí sípíríǹgì iwájú.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé èyí. Ọ̀nà wa burú, abẹ́ mọ́tò sì máa ń gbá ilẹ̀. Àwọn awakọ̀ wa wá ní ọgbọ́n kan: wọ́n á gé táyà ògbólógbòó róńdó bí ẹ̀gbà ọwọ́, wọ́n á kì í sí sípíríǹgì kí mọ́tò lè ga. Gbogbo gáréèjì ló ń ṣe é. Èmi kì í ṣe é. Ẹ ti gbé mọ́tò ga, ṣùgbọ́n ẹ ò fa ṣáàfùtì gùn. Bí táyà bá já sí kòtò, ṣáàfùtì á nà, á nà, títí orí ẹ̀ fi máa yọ níbi tó kì bọ̀.

Mo ní, "Bàbá Wàhábì, mọ́tò lẹ rà, ẹ ò ra ràkúnmí. Mi ò ní fi rọ́bà sí i." Ó pòṣé, ó lọ.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà, Bàbá Wàhábì, ọmọ ẹ̀ àti àwọn èrò ń bọ̀ láti Ìkòyí-Ilé pẹ̀lú ẹrù iṣu lẹ́yìn. Ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan, ṣáàfùtì yọ, ó ń fi ara gbá gbogbo ohun tó wà nítòsí, ó sì já ọ̀pá rọ́bà tó ń gbé òróró bíréèkì. Mọ́tò di aláìníjàánu. Ó wọ oko ẹ̀gẹ́ lọ, ó ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ọlọ́run ló yọ wọ́n, ẹnikẹ́ni ò kú. Ṣùgbọ́n Ìyá Dọ̀tun, àgbàlagbà tó ń ta iṣu, kán lẹ́sẹ̀.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, ọ̀rọ̀ ti gba ìlú. "Obìnrin ló tún ẹsẹ̀ mọ́tò yẹn ṣe." Bàbá Wàhábì ń sọ ọ́ ní gáréèjì, ó ń sọ ọ́ ní mọ́ṣáláṣí, ó sọ ọ́ dé Ọ̀yọ́ tí bàbá mi arúgbó fi gbọ́. Mo gbé oúnjẹ lọ kí Ìyá Dọ̀tun ní ọsibítù. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, Mà. Ọlọ́run á wò yín sàn." Ó wò mí. Ó yí ojú sí ògiri. Ẹ̀yin ọmọ mi, wọ́n ti bú mi rí, n ò bìkítà. Ṣùgbọ́n ìyẹn, ó wọ̀ mí lára. N ò mọ bí mo ṣe délé.

Ṣọ́ọ̀bù dá páropáro. Bàbá ọ̀kan nínú àwọn ọmọ iṣẹ́ mi wá, ó ní kí n má bínú, òun fẹ́ mú ọmọ òun lọ sí ibòmíì. Ọkọ mi ní, "Jẹ́ kó tutù ná, ọ̀rọ̀ á rọlẹ̀." Mo ní, "Kò ní rọlẹ̀! Orúkọ tí mo fi ẹ̀yìn mi tó ń dùn mí kọ nìyẹn, ṣé kí n jókòó kí n máa wò ó bó ṣe ń bàjẹ́ ni?" Mo dìde, mo lọ bá Alága àwọn awakọ̀. Mo ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan mọ́tò náà tí wọ́n wọ́ wá sẹ́yìn gáréèjì, kí ó pe gbogbo awakọ̀ jọ, kí ó sì jẹ́ kí n sọ tẹnu mi níwájú wọn. Alága jẹ́ ẹni tó ń ronú. Ó gbà.

Lọ́jọ́ náà, gáréèjì kún. Mo ní kí Alága fúnra ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ó wo nọ́ọ̀tì òkè sípíríǹgì. Ìlà pupa wà lórí nọ́ọ̀tì, ìlà pupa wà lára irin, ṣùgbọ́n wọn ò bá ara wọn mọ́. "Ẹnì kan ti ṣí i lẹ́yìn mi," mo ní.

Bàbá Wàhábì bú sẹ́rìn-ín. "Kútẹ́ẹ̀sì! Ẹ gbọ́ o! Ṣé ìyàwó ọ̀ṣìngín lẹ fẹ́ ṣe lọ́ṣọ̀ọ́ ni?"

Mo na ìka sí rọ́bà tó wà nínú sípíríǹgì. "Èyí ńkọ́? Ta ló kì í síbẹ̀?"

"Ẹ̀yin náà ni!"

Alága gbé ọwọ́ sókè. "Ẹ dúró ná. Ìyá Ṣáàfùtì, kódà tí rọ́bà bá wà ńbẹ̀, kí ló kan ṣáàfùtì? Rọ́bà wà nínú tèmi náà. Ta ni kò ní in níbí?" Gbogbo wọn ní òótọ́ ni. Mo rí i pé ìjà tí mo bá wá kì í ṣe ti Bàbá Wàhábì nìkan.

Mo pe Dókítà, tí mo ti ní kó bá mi wá. Ó gbé mọ́tò kékeré ẹ̀ jáde, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í kùn: "Ohun ìṣeré ọmọdé!" Mo ní, "Ẹ ní sùúrù." Mo di nọ́ọ̀tì ẹ̀ níṣojú wọn, ẹsẹ̀ ẹ̀ wà bó ṣe yẹ. Mo di òkúta sẹ́yìn ẹ̀. "Iṣu nìyí." Mo gbé pátákó sílẹ̀. "Kòtò nìyí." Dókítà tẹ rìmóòtù. Mọ́tò sáré, ó fo pátákó, ó yí kọ́nà, ó padà wá. Mo wá gé sílípáàsì ẹsẹ̀ mi, mo kì í sábẹ́ sípíríǹgì iwájú méjèèjì. Mọ́tò ga, òkúta sì tẹ ẹ̀yìn ẹ̀ mọ́lẹ̀, imú ẹ̀ gbójú sókè. "Ràkúnmí dé," mo ní. Ó sáré, ó fo pátákó, kò tíì yí kọ́nà tán tí ṣáàfùtì fi fò jáde. Ló bá fì, ó lọ kọlu kẹ́tùlù àlùwàlá Alága, omi dà nù.

"Dókítà ló fi rìmóòtù yí i!" ẹnì kan pariwo.

Alága dìde. "Ẹ gbé e fún mi." Ó di rìmóòtù náà mú bí ẹni tó di ejò mú. Mo dá ṣáàfùtì padà, mo fi rọ́bà sílẹ̀ ńbẹ̀. Ó wa mọ́tò jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ó gun pátákó, ṣáàfùtì bọ́. Ó ní kí n yọ rọ́bà. Ó wà á, kò bọ́. Ó ní kí n fi rọ́bà padà. Ó bọ́. Kò sẹ́ni tó ń rẹ́rìn-ín mọ́. Irọ́ lè sáré fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo lòótọ́ máa bá a.

Alága yíjú sí Bàbá Wàhábì. "Bàbá Wàhábì, ọmọ ẹ wà nínú mọ́tò yẹn lọ́jọ́ náà, àbí kò sí ńbẹ̀? Rọ́bà yẹn ì bá pa á. Ta ló kì í?"

Bàbá Wàhábì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "Ó wà ńbẹ̀. Èmi ni mo kì í. Èmi àti kọ́ńdọ́kítọ̀ mi la kì í, ní Ìkòyí-Ilé. Gbogbo wa la ń ṣe é, n ò mọ̀ pé ó lè pa èèyàn. Ìyá Ṣáàfùtì, ẹ foríjì mí."

Gáréèjì hó yèè! Wọ́n gbé mi sókè, èmi tí mo sanra báyìí! Mo ń pariwo, "Ẹ sọ̀ mí kalẹ̀, ẹ fẹ́ kán mi léegun!" Inú mi dùn, n ò ní purọ́, inú mi dùn débi pé mo fẹ́ fò. Alága bi mí pé kí ni mo fẹ́ kí Bàbá Wàhábì san fún mi. Mo ní n ò fẹ́ kọ́bọ̀. Gbogbo ibi tó ti fi ẹnu ba orúkọ mi jẹ́, kó fi ẹnu náà tún un ṣe. Ẹ gbà mí gbọ́, ó ṣe é. Ó dúró ní gáréèjì kan dé òmíràn, ó ń kéde pé, "Kì í ṣe ọwọ́ Ìyá Ṣáàfùtì, ọwọ́ mi ni." Ó lọ sí Ọ̀yọ́ náà, ó lọ dọ̀bálẹ̀ fún bàbá mi. Bàbá mi ní kó dìde, ó ní, "Mo ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ọmọ mi kì í ṣe iṣẹ́kíṣẹ́."

Ní ọjọ́ kejì ìpàdé yẹn, kí n tó ṣílẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, mọ́tò ti tò dé ẹnu ọ̀nà ńlá. Gbogbo wọn ló fẹ́ yọ rọ́bà. Bàbá Wàhábì ti yá mọ́tò ẹ̀gbọ́n ẹ̀, ó fẹ́ já ìlà wọlé. Mo ní, "Ẹ tò sẹ́yìn, sà." Ó tò sẹ́yìn. Èmi àti àwọn ọmọ iṣẹ́ mi, pẹ̀lú èyí tí bàbá ẹ̀ ti sáré dá padà, tú rọ́bà títí apá wa fi kú. A dà á jọ síwájú ṣọ́ọ̀bù, ó ga bí ebè iṣu. Àwọn obìnrin oníṣu Ìkòyí-Ilé náà gbọ́. Wọ́n fẹnu kò pé mọ́tò tí rọ́bà bá wà nínú sípíríǹgì ẹ̀, iṣu àwọn ò ní wọ̀ ọ́. Bí ẹ bá débẹ̀ lónìí, ẹ ó rí ìyá àgbà tó ń bẹ̀rẹ̀, tó ń fi ọwọ́ wá inú sípíríǹgì kí ó tó di ẹrù. Ìyẹn dùn mọ́ mi ju owó tí mo pa láyé lọ.

Ìgbà yẹn ni mo rí i pé mo ti ṣe iṣẹ́ mi tán. Mo ṣì ṣe díẹ̀ sí i, kí n tó fi ṣọ́ọ̀bù lé àwọn ọmọ iṣẹ́ mi tó ti gba fírídọ̀ọ̀mù lọ́wọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń ro iṣẹ́ tí ẹ máa kọ́, ẹ má wo èyí tó mọ́ tàbí èyí tí ẹnu ayé ń yìn. Ẹ wo èyí tí ẹ lè jókòó síwájú ẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ bá ṣe é tán, kí àyà yín má já.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ọ̀kan yìí kí ẹ tó lọ. Ìyá Dọ̀tun pẹ́ ní ọsibítù. Mo lọ kí i lẹ́yìn ìpàdé yẹn, ó di ọwọ́ mi mú, ó sunkún, ó ní òun kábàámọ̀ bí òun ṣe yíjú sí ògiri. Mo ní kó má sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó jáde, wọ́n ní kò gbà láti wọ mọ́tò mọ́. Ẹ̀rù ń bà á. Àwọn ọmọ ẹ̀ ń fi ọ̀kadà kó iṣu fún un díẹ̀díẹ̀, ọjà ẹ̀ ń kú lọ.

Ní àárọ̀ ọjọ́ ọjà kan, ó dé iwájú ṣọ́ọ̀bù mi pẹ̀lú ọ̀pá. Mọ́tò kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kòtò, a ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ẹ̀, Ìkòyí-Ilé ló ń lọ. Ó dúró, ó ń wò ó. Ó wo awakọ̀, ó wo táyà, ó wá wò mí.

"Síkírátù, ṣé ìwọ lo tún un ṣe?"

"Èmi ni, Mà. Mo ti gùn ún lọ, mo ti gùn ún bọ̀."

"Ó ti tó," ó ní. Ó gbé ẹsẹ̀ tó kán wọlé ṣáájú, ó fa èyí tó kù wọlé, ó ti ilẹ̀kùn, ó ní kí awakọ̀ máa lọ.